Ẹ̀rọ tẹlifóònù ọ́fíìsì méjì, SIP trunk kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ilé-iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà àti Ìbàdàn lè ní Asterisk (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè) níhìn-ín, kí ó sì ní ẹ̀rọ tẹlifóònù mìíràn tí wọ́n fi owó gọbọi rà lọ́hùn-ún. SIP trunk ni a fi ń so méjèèjì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí òṣìṣẹ́ lè pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìsan owó ìpè. Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tẹ̀ mí láago.

Ìbéèrè: Trunk náà kò ṣiṣẹ́ rárá.

Ẹ wò ó bóyá UDP ni ẹ̀gbẹ́ kan ń lò tí èkejì ń lo TCP (ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà fi ìsọfúnni ránṣẹ́ ni wọ́n). Ẹ wo port (nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà wọnú ẹ̀rọ), tó sábà máa ń jẹ́ 5060. Ẹ tún àdírẹ́sì IP tí ẹ kọ kà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí ti máa ń parí.

Ìbéèrè: 404 ni ẹ̀rọ kejì ń dá padà.

Ẹ̀rọ kejì kò mọ nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń tẹ 8 ṣáájú 201, ẹ yọ 8 náà kúrò kí ìpè tó wọ inú trunk.

Ìbéèrè: 488 ńkọ́?

Codec wọn (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà sọ ohùn di dátà) kò bára mu. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì fẹnu kò sórí G.711 A-law. Ìpè kan ń jẹ nǹkan bíi kilobit 87 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́nà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mi ò rí ìdí tí ẹ fi ń sá tọ G.729 (codec tó ń fún ohùn pọ̀ kí ó má baà jẹ ìlà púpọ̀) lọ nígbà tí ìpè márùn-ún péré wà lórí ìlà. Bí ẹ̀rọ kan bá jẹ́ CUCM (ẹ̀rọ tẹlifóònù ọ́fíìsì ti Cisco), ẹ tan Early Offer, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó máa ń pe ìpè láìkọ́kọ́ sọ codec tó fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ reset fún trunk náà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká tẹ 1, a tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kò gbọ́.

Ẹ fi DTMF (ìró nọ́ńbà tí a bá tẹ̀) sí ìlànà RFC 4733 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn ẹ̀rọ kan ṣì ń pè é ní 2833.

Ìbéèrè: Èmi ń gbọ́ wọn, àwọn kò gbọ́ mi.

Ẹ pa SIP ALG (ohun tó ń yí ìsọfúnni SIP padà bó ṣe ń kọjá) lórí ráútà. Ẹ rí i pé firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè wọlé) gba UDP port 10000 sí 20000, ibi tí ohùn ń gbà, wọlé sínú Asterisk.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, a ń gbọ́ ara wa ketekete, ṣùgbọ́n bó bá ti tó ìdajì ìṣẹ́jú, ìpè a já.

Ọjọ́ mẹ́rin ni èyí gbà lọ́wọ́ mi. Láti Ìbàdàn sí Ìkẹjà nìkan ni ìpè ti ń já. Bí Ìkẹjà bá pe Ìbàdàn, wọ́n lè sọ̀rọ̀ di alẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì ti gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn ni kò dára, ọ̀gá wọn sì ti fẹ́ pààrọ̀ àwọn tó ń tà á fún wọn. Mo gbé aago síwájú, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà: ìṣẹ́jú àáyá 32 géérégé. Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò dára kì í mọ aago wò tó báyẹn.

Bí ẹni tí a pè bá gbé fóònù, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi 200 OK ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó pè sì gbọ́dọ̀ fi ACK dá a lóhùn. Bí ACK kò bá dé, yóò tún 200 OK náà fi ránṣẹ́ léraléra, títí ìṣẹ́jú àáyá 32 yóò fi pé, kí ó tó gbà pé kò sẹ́ni lọ́hùn-ún, kí ó sì pa ìpè. Mo ṣí sngrep (ètò tó ń fi ìsọfúnni SIP tó ń lọ tó ń bọ̀ hàn) lórí Asterisk ní Ìkẹjà, mo sì rí 200 OK kan náà tó tò sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, láìsí ACK kan ṣoṣo láàárín wọn. Ohun tó wà ní ìlà Contact inú rẹ̀, ìlà tó ń sọ ibi tí a ó fi ACK ránṣẹ́ sí, ni 192.168.1.20, àdírẹ́sì abẹ́lé tí ẹnikẹ́ni kò lè fi dé Ìkẹjà láti òde. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ìbàdàn náà ń lo 192.168.1 nínú ọ́fíìsì tiwọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ni ó sì ń jẹ́ 20. Gbogbo ACK tí mo ń wá kiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹni tó kọ pjsip.conf, fáìlì tí a fi ń ṣètò SIP nínú Asterisk, ti kọ external_media_address (àdírẹ́sì òde fún ohùn), ṣùgbọ́n ó gbàgbé external_signaling_address (àdírẹ́sì òde fún ìsọfúnni SIP). Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń dé tí ìpè sì ń já. Mo kọ ọ́ sí i, mo tẹ reload, ìpè tún já. Odindi ọjọ́ kan ni mo tún fi ṣòfò kí n tó rántí pé transport PJSIP (apá fáìlì náà tí a kọ àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí sí) kì í gba àtúnṣe nípa reload, àyàfi bí ẹ bá ti kọ allow_reload tẹ́lẹ̀. Àfi kí ẹ pa Asterisk kí ẹ sì tún un tàn. Ẹ kọ local_net (àwọn àdírẹ́sì abẹ́lé ọ́fíìsì) pẹ̀lú, kí fóònù inú ọ́fíìsì má baà máa gba àdírẹ́sì òde.

Ìbéèrè: Tiwa, ìṣẹ́jú 15 ni ó máa ń já.

Session timer ni, aago tó ń ṣọ́ bóyá ìpè ṣì ń lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 1800 ni ó sábà máa ń jẹ́, ní ìdajì rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kan ti máa ń béèrè bóyá ìpè ṣì wà láàyè. Ẹ fi sngrep wo ẹni tí kò dáhùn.

Ìbéèrè: A ti ṣí 5060 sílẹ̀ fún gbogbo ayé kí ó lè ṣiṣẹ́.

Ẹ tì í lónìí, kí firewall gba àdírẹ́sì IP ọ́fíìsì kejì nìkan. Àwọn olè ń wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kiri tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè fi owó yín pe òkèèrè. Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà òkèèrè tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpè yín, ẹ má ṣe tún nǹkan kan ṣe fúnra yín mọ́: ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀rọ náà, ẹ má pa log rẹ́, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú.