Bí mo ṣe dá egbò tán-án-ná sórí kọ̀ǹpútà

Nígbà tí wọ́n yọ koko kan kúrò lórí tán-án-ná (ohun tó ń mì nínú ọ̀fun tí ohùn fi ń jáde) Àǹtí mi, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá fún ọjọ́ méje. Tísà ni wọ́n, wọ́n sì tún ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí fún wa: "Ẹ bá mi gbé omi kaná." Wọ́n pa òfin náà mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ohùn wọn padà, ó há díẹ̀, kò sì lè gun ibi tó máa ń gùn nínú orin mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Egbò tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, báwo ni àpá rẹ̀ ṣe lè yí ohùn èèyàn padà?

Tán-án-ná kì í ṣe okùn lásán. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó, iṣan ló wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì sì ni ìpele kan wà tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Awọ àti ìpele rírọ̀ yìí ló máa ń mì tí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀, bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ́lájínì líle, ìyẹn fọ́nrán tí ara fi ń hun àpá, bá gba ipò ohun tó rọ̀, kò ní lè mì dáadáa mọ́.

Mo wá pinnu láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí irú egbò bẹ́ẹ̀ ṣe ń jinná. Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú mi. Ní 2008, Nicole Li, Katherine Verdolini, Yoram Vodovotz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Pittsburgh gba omi tó wà lórí tán-án-ná àwọn èèyàn tó ti fi ohùn pariwo, wọ́n sì fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀. Ní 2010, wọ́n ṣe ti egbò iṣẹ́ abẹ.

NetLogo ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà fún irú àfarawé yìí, èyí tí Uri Wilensky gbé jáde ní 1999. Ọ̀fẹ́ ni. Igun-mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní patch ni mo fi ṣe ẹran ara. Àwọn tó ń rìn lórí wọn ni sẹ́ẹ̀lì. Mo fi pupa ṣe egbò, mo fi funfun ṣe kọ́lájínì. Tick kan, ìyẹn ìṣísẹ̀ kan tí kọ̀ǹpútà gbé, dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ 28 wá jẹ́ tick 1,344. Neutrophil, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ló ń kọ́kọ́ dé láàárín wákàtí díẹ̀. Macrophage, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí mì, á tẹ̀ lé e, á máa palẹ̀ mọ́, á sì máa tú TGF-β jáde, èròjà tó ń pe fibroblast, sẹ́ẹ̀lì ahunṣọ ara, pé kó wá hun kọ́lájínì.

Mo tẹ go, bọ́tìnì tó ń mú un bẹ̀rẹ̀. Títí di ọjọ́ kẹta, ó ń lọ bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún, funfun ti kọjá etí egbò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìlá, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ti funfun báláú.

Alẹ́ méjì ni mo fi ka kóòdù náà látòkè délẹ̀ kí n tó rí i. Mo ti kọ ọ́ pé kí TGF-β máa tàn ká, ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ pé kó máa rá. Ẹni tó ń pe òṣìṣẹ́ ò dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà ò sì ṣíwọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi kún un: ní tick kọ̀ọ̀kan, kí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ nìkan ṣẹ́ kù. Egbò náà pa dé, funfun dúró sí àyè rẹ̀. Ibẹ̀ ni àpá ti yé mi. Ara nílò kọ́lájínì láti fi dí egbò. Ìgbà tí ìpè náà kò bá dákẹ́ lásìkò ni wàhálà dé.

Mo tún un ṣe ní ìgbà 30 láìyí ohunkóhun padà, méjì ò sì bára mu délẹ̀délẹ̀, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì kì í rìn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe gba èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́ láé.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rọ̀ sísọ kún un: bí ohùn bá jáde, etí egbò á tún ya díẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àpá pọ̀ ju ti ọjọ́ kẹjọ lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ń ya egbò. Ohun tí mo fi sínú rẹ̀ ló ń sọ padà fún mi. Ní 2012, Verdolini àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó pariwo, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún; àwọn tó lo ohùn jẹ́jẹ́, lọ́nà tí wọ́n kọ́ wọn, sàn ju àwọn tó dákẹ́ lọ. Kóòdù tèmi ò lè rí èyí láéláé, nítorí ìpalára nìkan ni mímì jẹ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí.

Àǹtí mi wá jókòó tì mí lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n wọ gíláàsì wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n dá a dúró. Wọ́n fi ìka kan pupa tó ṣẹ́ kù létí egbò.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, nínú èyí tí mo kọ."

"Kò tíì jinná."

"Kò tíì jinná, Mà."

Wọ́n ní kí n jẹ́ kó máa lọ.