Bí mo ṣe mú àbúrò mi lọ wo UNIOSUN kó tó gba fọ́ọ̀mù JAMB

Àbúrò mi obìnrin ti pinnu: Òfin lòun fẹ́ kà, ní Fásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN. Ìdí tó fi mú ibẹ̀ ni pé Òṣogbo là ń gbé. "Àǹtí mi, láti ilé ni màá ti máa lọ. Ẹ ò ní sanwó yàrá kankan fún mi." Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán, mo wá bi í pé ṣé ó mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Òfin. Ó ní ṣebí nínú ọgbà wọn ní Òṣogbo níbí ni. Rárá o. Ifẹ̀tẹ̀dó ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í béèrè èyí. Ọdún 2006, nígbà tí Ọmọọba Ọlágúnsóyè Oyínlọlá jẹ́ gómìnà, ni wọ́n dá fásítì yìí sílẹ̀, ìlú mẹ́fà ni wọ́n sì pín in sí káàkiri ìpínlẹ̀. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ fún un. Sáyẹ́ǹsì, ẹ̀rọ àti ìṣègùn wà ní Òṣogbo. Ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó àti irú wọn wà ní Òkukù. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò, ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, èdè àti àṣà ní Ìkirè. Ìlú tí kọ́ọ̀sì rẹ bá wà ni wàá ti máa jí, tí wàá ti máa sùn, fún ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí ọmọ aládùúgbò wa kan. Àwọn òbí rẹ̀ ti san owó ilé ọdún kan gbáko kí wọ́n tó gbọ́ pé ìlú mìíràn ni ẹ̀ka tirẹ̀ wà. Owó náà wọgbó. Mo ní tiwa kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, a wọ mọ́tò dé Ilé-Ifẹ̀, a sì wọ òmíràn tó ń gba ọ̀nà Oǹdó lọ. Igi kòkó ni ṣáá lọ́tùn-ún lósì. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ifẹ̀tẹ̀dó, mi ò kọ́kọ́ mú un wọ ọgbà. Ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta ìrẹsì la kọ́kọ́ jókòó sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: níbo làwọn ọmọ ń gbé, ṣé kànga ni wọ́n ń fà àbí ẹ̀rọ, ṣé iná ń wà lálẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ná ọjà? Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ò ní kọ. Màmá náà fúnra rẹ̀ ló pe ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta wá bá wa. Ó mú wa wo yàrá tirẹ̀, ó sì ní ìdákẹ́jẹ́ ìlú náà ló ran òun lọ́wọ́ láti kàwé. Ìdí ọmọ yẹn ni àbúrò mi lẹ̀ mọ́ títí a fi fẹ́ padà.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí Ìkirè, torí ó ń ronú Èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣàyàn kejì. Ọ̀nà Ìbàdàn ni, mọ́tò ò wọ́n. A ra dódò Ìkirè, a padà sílé. Ifẹ̀tẹ̀dó náà ló mú.

Ibi tó gbà wá lákòókò jù ni èsì WAEC rẹ̀. Krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka Òfin gbọ́dọ̀ ní Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, kó sì tún mú un nínú iṣẹ́ mẹ́rin tó máa ṣe ní JAMB. Ó ní gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́. Ní sẹ́ńtà CBT, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò JAMB, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé èsì náà sórí ìkànnì JAMB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, torí ọmọ tó bá yege tí èsì rẹ̀ ò sí níbẹ̀ lè pàdánù àyè rẹ̀. Tí àyè bá sì dé, orí CAPS, ìyẹn ojú ìkànnì tí JAMB fi ń ṣètò ìgbaniwọlé, ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Bébà tí mo kọ ọ̀hún ti wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ báyìí. Ó ti fa ìlà sábẹ́ Ifẹ̀tẹ̀dó, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ ọdún kẹta yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.