Bí mo ṣe bá Bingo yanjú ọ̀rọ̀ fífa okùn

Bingo ajá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léjìká. Bí a bá ti yọ sí títì, á na okùn tán, á máa wúkọ́ nítorí bẹ́líìtì ti fún un lọ́rùn, síbẹ̀ kò ní dẹwọ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Mo kọ́kọ́ ra harness, ìyẹn bẹ́líìtì tó yí àyà ajá ká dípò ọrùn, irú èyí tí wọ́n ń so okùn mọ́ lẹ́yìn. Ọrùn rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìfúnpa lóòótọ́, àmọ́ fífà náà tún le sí i: gbogbo àyà ló fi ń wọ́ mi. Ìgbà tí mo ra èyí tó ní òrùka níwájú àyà ni nǹkan yí padà. Bó bá fà, okùn á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún kọjú sí mi. Ẹ rí i pé ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó má baà bó ajá lábíyá; ó bó Bingo díẹ̀ kí n tó dẹ̀ ẹ́.

Harness nìkan kò tó o. Bí okùn bá ti le, mo dúró gbọn-in, n kò jágbe. Bó bá wẹ̀yìn wò tí okùn dẹ̀, mo fún un ní ègé adìẹ bíbọ̀, a tẹ̀síwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 20 la fi dé ilé kẹta! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, okùn ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ láàárín wa, àfi bí ewúrẹ́ bá kọjá.