Gíga Ọgbà àti Ìrẹ́pọ̀ Alámùúlétì: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun tí a fi sé ilẹ̀ mọ́ àti fún ilẹ̀ tí a sé mọ́ gan-an. Ọgbà ni a ń pe méjèèjì. Bóyá ìdí nìyí tí ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé fi máa ń gbà pé bí ògiri bá ṣe ga tó ni ohun ọ̀gbìn òun yóò ṣe rí ààbò tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn àdúgbò tí a ti ń bá àgbẹ̀ àti onílé ṣiṣẹ́, ọgbà tó ga ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín alámùúlétì, ẹni tó mọ ọ́n pàápàá kì í sì í rí èrè gíga náà. A kọ ìwé yìí fún ẹni tó ti ní ọgbà tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ fi kún gíga rẹ̀ tàbí kí ó gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú baálẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọgbà ṣe

Ẹ rìn yí ilẹ̀ yín po, kí ẹ sì bi ara yín ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ni ọgbà ń dá dúró níbẹ̀. Ìhà tí ewúrẹ́ ti ń wọlé kì í sábà jẹ́ ìhà tí ojú àwọn èèyàn ti ń wọlé, kò sì pọn dandan kí ọgbà ga bákan náà yíká. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kì í sábà fo ohun tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Abẹ́ ọgbà ni ó máa ń gbà, tàbí kí ó gun òkúta, òkìtì yanrìn tàbí igi tó fara ti ọgbà, kí ó tó bẹ́ sínú. Ẹni tó gbé ògiri sókè nítorí ewúrẹ́, tó sì fi òkìtì yanrìn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, àtẹ̀gùn ni ó kọ́ fún un.

Adìẹ lè fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5 láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ni a ń gé fún adìẹ, a kì í torí rẹ̀ mọ odi. Apá kan ṣoṣo ni kí ẹ gé, àwọn ìyẹ́ gígùn tó wà ní ìparí apá náà, kí ara rẹ̀ má baà dọ́gba nígbà tó bá fẹ́ fò. Ìyẹ́ náà yóò tún hù, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà. Bí adìẹ náà bá jẹ́ ti aládùúgbò, òun ni kí ẹ bẹ̀ kí ó gé e. Ẹ má ṣe fi àlùmọ́gàjí kan adìẹ ẹni ẹlẹ́ni.

Ní ti ojú àwọn tó ń kọjá, ẹsẹ̀ bàtà 6 ti bo ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹni tó ń yọjú láti fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò máa rí yín bí ògiri bá tilẹ̀ ga tó 10, nítorí náà kò sí èrè nínú gbígbé ògiri sókè nítorí rẹ̀.

Ìhà wo ni ẹ dúró sí nígbà tí ẹ wọ̀n ọ́n?

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilé kan lè wà lórí àpáta kí èkejì wà ní ẹsẹ̀ àpáta náà, tó bẹ́ẹ̀ tí òrùlé ẹni ìsàlẹ̀ fi ń bá ìpìlẹ̀ ilé ẹni òkè dọ́gba. Nítorí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọgbà òun ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ẹ bi í pé láti ọ̀dọ̀ ta ni ó ti wọ̀n ọ́n.

Mo rántí ọgbà kan tí èmi àti ẹnìkejì mi lọ wò ní ẹ̀yìn Àṣerò. Onílé òkè gbin ilá àti ata, ó fi ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kún ògiri rẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun kò ṣe àṣejù, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, èjìká rẹ̀ ni ògiri náà mọ. A ní kí ó bá wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ìyá náà kò pariwo, ó gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó ní, “Jókòó síbí, ọmọ mi, kí o wo iwájú.” Ohun tó wà níwájú ni ògiri ẹsẹ̀ bàtà 9 tí omi ń sun ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ebè tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin tí igi wọn ti gùn tíńrín tí ewé wọn sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. N kò tíì dúró síbí rí.” Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti sọ ìlà méjì kalẹ̀, ó sì ta wáyà nẹ́ẹ̀tì sí àyè wọn, èyí tí ewúrẹ́ kò lè kọjá tí oòrùn sì ń gbà wọlé.

Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọgbà láti ìhà méjèèjì, ní orí, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí ẹ sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń dà wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ògiri náà máa sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ilẹ̀. Ògiri tí a fà gbọọrọ láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ láìsọ orí rẹ̀ kalẹ̀ ni ó máa ń di odi mọ́ ẹni ìsàlẹ̀ lójú. Bí ògiri bá ń di iyẹ̀pẹ̀ òkè mú kí ó má baà ya lu ilé ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, yálà láti fi kún un tàbí láti dín in kù, àfi bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé dáadáa bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Òjìji àti afẹ́fẹ́

Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti tòmátò ń fẹ́ oòrùn tó wákàtí 6 ó kéré tán lójúmọ́, àwọn tí aládùúgbò gbìn pẹ̀lú. Ògiri tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ni ó ń jẹ oòrùn jù. Ní nǹkan bí aago 9 àárọ̀, òjìji rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀: ògiri ẹsẹ̀ bàtà 8 lè bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14, nígbà tí ti ẹsẹ̀ bàtà 4 kò ní kọjá nǹkan bí 7. Ní ọ̀sán, oòrùn ìlú wa kì í jìnnà sí àtàrí, nítorí náà ògiri ìhà àríwá àti ti gúúsù kì í ṣe ìpalára púpọ̀. Oṣù Kejìlá nìkan ni ó yàtọ̀, nígbà tí oòrùn bá tẹ̀ sí gúúsù, tí ògiri ẹsẹ̀ bàtà 6 sì ń na òjìji bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ sí ìhà àríwá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Gbúre a máa fara da irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹnu lásán jiyàn òjìji. Ẹ ri ọparun kan mọ́lẹ̀ níbi tí ògiri wà, kí ó ga tó ibi tí ẹ fẹ́ gbé ọgbà dé, kí ẹ so àkísà pupa mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì pe aládùúgbò yín kí ẹ jọ wo ibi tí òjìji àkísà náà bọ́ sí ní aago 9 àárọ̀ àti ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi òkúta sàmì sí ibẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì jọ rí kò tún ní di ẹjọ́ lẹ́yìn tí síméńtì bá ti gbẹ.

Bí fèrèsé aládùúgbò bá wà nítòsí ọgbà, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gidi mọ ọ́n dé ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù olójú mọ èyí tó kù. Afẹ́fẹ́ yóò máa gba ojú búlọ́ọ̀kù náà kọjá sí yàrá aládùúgbò. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún ẹ̀fọ́ yín náà, nítorí afẹ́fẹ́ òjò tó bá kọlu ògiri dídí máa ń fò ó kọjá, á sì já lu ohun ọ̀gbìn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lójú máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Kí ẹ tó pe bíríkìlà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tó kó yanrìn wá ni yóò kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò yín pé ẹ fẹ́ mọ ògiri. Ẹ lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ìbéèrè: “Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ewúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ilá wa tán ní ìhà ọ̀dọ̀ yín. A ń ronú láti gbé ọgbà sókè díẹ̀, a sì ní kí a wá gbọ́ ibi tí kò ní ni yín lára.” Bí ó bá jẹ́ ayálégbé ni, ẹ jẹ́ kí onílé náà gbọ́. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ààlà. Ẹ fi pléènì ilẹ̀ yín wá àwọn òkúta sọ́fè tí nọ́ńbà wà lára wọn. Níbi tí kò bá sí, pèrègún tàbí akòko tí àwọn àgbà gbìn ni ó sábà máa ń jẹ́ àmì ààlà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ hú u láìjẹ́ pé ìhà méjèèjì wà níbẹ̀. Ọgbà tó wà lórí ààlà gan-an jẹ́ ti ẹni méjì, ẹnì kan kò lè dá yí gíga rẹ̀ padà. Kí ẹ tó na owó sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà fún agbègbè yín bí iṣẹ́ náà bá gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sí ìwé méjì: gíga láti òkè, gíga láti ìsàlẹ̀, ohun tí a ó fi ṣe é, ẹni tí yóò sanwó. Kí ẹ̀yin méjèèjì àti ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ ògiri fúnra rẹ̀

Ìlà búlọ́ọ̀kù kan, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní kóòṣì, ń fi nǹkan bí ínṣì 9 sí 10 kún gíga ògiri. Lórí ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ìlà kan yóò gba búlọ́ọ̀kù bí 32 tàbí 33. Kí ẹ tó fi ìlà kankan kún un, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ibi méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ lè rí ìpìlẹ̀. Ní ìlú wa, àpáta kò jìn sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìpìlẹ̀ tí apá kan rẹ̀ jókòó sórí àpáta, tí apá kejì sì wà lórí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀, yóò là ní ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé, bí ẹrù bá sì ti pọ̀ sí i ni yóò yára là. Ògiri tó ti tẹ̀ kò ṣe é fi kún rárá. Wáyà nẹ́ẹ̀tì lórí òpó irin fẹ́lẹ́ ni ó tọ́ sí i. Ní ti ògiri búlọ́ọ̀kù tó dúró dáadáa, àwọn òpó tó ń dì í mú gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 síra wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ ògiri kalẹ̀, láti orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù. Bí ẹ bá fi òòlù ńlá gbá a láti ẹ̀gbẹ́, yóò là dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó àfọ́kù ìgò àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún kúrò, kí ẹ sì ta tapólì bo ẹ̀fọ́ aládùúgbò kí èérún síméńtì má baà bọ́ sí i. Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ orí ògiri náà, ẹ jẹ́ kí ó dà sí ìhà tiyín, kí omi òjò rẹ̀ máa ṣàn sínú ọgbà yín. Ẹ má ṣe dí ihò omi tó wà ní ẹsẹ̀ ògiri, ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ sí i nítorí eku àti ejò. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa yára fa omi inú síméńtì gbẹ, nítorí náà ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7.

Ọgbà tó ń hù

Ẹni tó fi lápálápá, àgúnmánìyè tàbí ìyeyè ṣe ọgbà ti rí ọgbà tí gíga rẹ̀ ṣe é yí padà láìná owó, bí kò bá ṣáà jẹ́ kí ó di igbó. Ẹ gé e ní gíga tí ẹ fẹnu kò sí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, kí ẹ sì tún un gé nígbà tí òjò bá dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Igi tí ẹ gé ní oṣù Kẹta, ẹ lè rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ọgbà ti ṣí sílẹ̀; yóò fìdí múlẹ̀ nínú òjò. Ẹ kó ẹ̀ka tó já sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò kúrò ní ọjọ́ náà gan-an. Ewé àgúnmánìyè jẹ́ oúnjẹ fún ewúrẹ́, bí ẹni náà bá sì ń sin ín, inú rẹ̀ lè dùn láti gbà á. Lápálápá ní tirẹ̀, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ìdí sì nìyẹn tó fi dára ní ìhà tí wọ́n ti ń wá. Oje rẹ̀ kì í ṣí kúrò lára aṣọ, májèlé sì ni èso rẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré ní ìhà kejì, ẹ jọ ṣètò ẹni tí yóò máa ṣa èso tó bá já bọ́ síbẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó tó o.