Ìwé CAC nìkan ò tó: àṣìṣe àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp bá ti gba ìwé ẹ̀rí CAC, ọkàn wọn a balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó tún lè fi orúkọ náà pawó. Ẹ̀tàn gbáà ni. Orúkọ iléeṣẹ́ ni CAC ń kọ sílẹ̀. Tirédímáàkì, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dá ọjà yín mọ̀, ọ́fíìsì tirẹ̀ wà l'Ábùjá: Trademarks Registry, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣòwò. Ẹ lọ fẹjọ́ ayédèrú ojú ìwé sun Instagram, ẹ ó rí i: nọ́ńbà tirédímáàkì ni fọ́ọ̀mù wọn máa béèrè, nọ́ńbà RC tàbí BN tí CAC fún yín ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kódà CAMA 2020, òfin tí CAC fi ń ṣiṣẹ́, ò fẹ́ kí orúkọ iléeṣẹ́ tako tirédímáàkì tó ti wà nílẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda.

Ẹ má sì rò pé ẹ kàn lè yí lẹ́tà kan méjì padà. Lọ́dún 1968, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé Casorina ti jọ Castoria jù. Oògùn tí ń mú inú rọ̀ ni méjèèjì, oníbàárà sì lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Orúkọ tí ẹ yàn gan-an lè ṣàkóbá fún yín. Ká ní alàdìrẹ kan pe ọjà rẹ̀ ní “Àdìrẹ Abẹ́òkúta Gidi”. Àdìrẹ ni ọjà, Abẹ́òkúta nìlú, gidi sì ni ìyìn tó fi ń polówó. Kí ló kù tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀? Gbogbo alàdìrẹ Ìtòkú ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí òfin tirédímáàkì ṣe wò ó náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó kàn ń júwe ọjà, orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé lásán, ó ṣòro kí wọ́n tó gbé e fún ẹnì kan.

Kíláàsì 45, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí, ló wà fún tirédímáàkì, fọ́ọ̀mù kan fún kíláàsì kan. Àdìrẹ tí wọn ò tíì rán wà ní kíláàsì 24. Bó bá ti di bùbá, ó bọ́ sí 25. Bí alàdìrẹ wa bá tún wá ń po ìpara, 3 nìyẹn. Ẹni tó sanwó kíláàsì 25 nìkan ti fi ìpara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.

Àwọn kan á ti lẹ ®, àmì tirédímáàkì tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mọ́ lọ́gò kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin! Ẹ lo TM ná. Lẹ́tà acceptance, èyí tí Registry fi ń sọ pé àwọn gba orúkọ yín wọlé, ò tíì tó láti yọ̀ lé: wọ́n ṣì máa gbé orúkọ náà jáde nínú jọ́nà wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ tako ó ní oṣù méjì.

Ẹ bi ọmọ tó ṣe wẹ́bùsáìtì fún yín pé orúkọ ta ló fi ra orúkọ ìkànnì .com.ng yẹn. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ẹ gbà á kí ìjà tó dé. Òótọ́ ni pé òfin Cybercrimes 2015 ní ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá jí orúkọ ìkànnì ẹlòmíràn lò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa lọ kóòtù nígbà tí ọjà ń dúró?

Ní ti ìjọba, títa ìpara, àgbo tàbí oúnjẹ inú ike lórí fóònù ò yọ yín lọ́wọ́ NAFDAC. “A kì í dá owó padà” tí ẹ kọ sójú ìwé yín ò sì pa ẹ̀tọ́ ẹni tí ẹ fi ọjà tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí rẹ́. Èyí tí àwọn oníṣòwò ò kà sí ni nọ́ńbà àti àdírẹ́sì oníbàárà, tí wọ́n ń fún ara wọn bí ẹni ń pín súwíìtì. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 lè bu ìtanràn mílíọ̀nù 2 náírà lé oníṣòwò kékeré, tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Bí ìwé ẹ̀rí tirédímáàkì bá wá dé, ọdún 7 ló ní, lẹ́yìn náà ẹ ó máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí fóònù ẹ̀yin fúnra yín, nítorí lọ́yà lè kó ọ́fíìsì kí ó tó pé.