Ó dára ní ìsọ̀, ó yí padà lára ògiri: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan ọ̀dà fún fúláàtì

Ẹni tó bá ń gbé fúláàtì láàárín ìgboro mọ ohun tí mò ń sọ: ògiri funfun báláú, fèrèsé tó dojú kọ ilé ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ ra ọ̀dà kírímù tàbí àwọ̀ amọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ilé lè ní ọ̀yàyà díẹ̀. Kò burú. Bí wọ́n ṣe ń yàn án ni wàhálà wà. Ohun tó wà nínú ike ọ̀dà nìkan kọ́ ni ojú ń rí lára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ yàrá ló máa pinnu bí ó ṣe máa rí.

Ẹ má fi páálí kékeré yan àwọ̀

Páálí àpẹẹrẹ tí wọ́n ń fúnni ní ìsọ̀ kò fẹ̀ ju ìka mélòó kan lọ, abẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ rekete lẹ sì ti ń wò ó. Bí àwọ̀ yẹn bá bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó máa le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ta kúrò lára ògiri kan ń gbé díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀ lọ sára èkejì. Àwọ̀ ìyeyè ló burú jù nínú èyí: kírímù tó rí jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ yín lè máa ta yòò síni lójú nínú yàrá.

Ẹ ra ike tó kéré jù, ẹ wá páálí funfun tó tó 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn àti ní ìbú, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun yí ká. Etí funfun yẹn ni kò ní jẹ́ kí àwọ̀ ògiri àtijọ́ tan ojú yín jẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí emulsion, ìyẹn ọ̀dà olómi tí wọ́n ń kùn sára ògiri, sábà máa ń dúdú sí i díẹ̀ bó bá gbẹ. Kẹ́ ẹ wá gbé e káàkiri: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, igun tó ṣókùnkùn jù. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ wò ó lálẹ́ tí ẹ bá tan iná. Àwọn tó ń kun àwọ̀ mẹ́fà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n wá dúró tí wọ́n ń wò ó, wàhálà lásán ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan á máa ba èkejì jẹ́.

Ẹ má gbàgbé ibi tí fèrèsé kọjú sí

Ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ní ìlàjì ayé ti àríwá, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé tó kọjú sí àríwá wọlé kì í ṣe ti oòrùn gan-an, ti ojú ọ̀run ni, ó sì máa ń ní búlúù nínú. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlàjì ti gúúsù, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú irú yàrá yìí, kírímù tó bá ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú á ṣá ni. Èyí tó ní píǹkì tàbí pupa díẹ̀ nínú ló máa dúró. Fèrèsé ìwọ̀ oòrùn yàtọ̀ pátápátá: ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pọ́n, àwọ̀ tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ á sì wá le koko níbẹ̀.

Àmọ́ ní ìgboro, ohun tó wà ní òdìkejì títì máa ń borí gbogbo èyí. Bí oòrùn bá kan ilé bíríkì pupa tó wà níwájú yín, yàrá yín á gba pupa. Igi tó fara ti fèrèsé á kó àwọ̀ ewé wọlé, ilé onígíláàsì sì sábà máa ń kó búlúù. Ẹ yọjú wo ìta kẹ́ ẹ tó wo páálí.

Àṣìṣe mìíràn tó jọ ọgbọ́n ni kí èèyàn kun yàrá tó ṣókùnkùn ní funfun kó lè mọ́lẹ̀. Funfun kì í dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, èyí tó bá rí ló ń dá padà. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá wọlé, àwọ̀ eérú ni funfun yẹn máa dà. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ páálí àpẹẹrẹ, ẹ máa rí LRV, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó: 0 ni dúdú tí kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà, 100 ni funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Fún àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọ̀yàyà, èmi máa ń wá èyí tó wà láàárín 60 sí 75.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹlòmíràn á wá lọ fi gílóòbù 6500K sókè àjà! Iná yẹn ní búlúù nínú, á sì pa gbogbo ohun tí ọ̀dà ṣe. Nọ́ńbà K ló ń sọ àwọ̀ iná: bó bá ṣe ga tó ni búlúù inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. 2700K sí 3000K lẹ ń wá. Ara páálí gílóòbù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ẹ má yan ògiri bí ẹni pé òun nìkan ló wà nínú yàrá

Ní 1824, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, di olórí iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé aró dúdú ibẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù lára aró. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń mú kó ṣá lójú. Ní 1839 ló gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀. Bí táìlì ilẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ eérú tó ní búlúù nínú, ògiri kírímù á dà bí ẹni pé ó pọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àjà bá funfun báláú, ògiri amọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jọ ògiri tó dọ̀tí. Ẹ ní kí wọ́n po àwọ̀ ògiri yẹn ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ fún àjà, aáwọ̀ á parí.

Ọ̀dà tó ń dán kò yẹ pálọ̀: á gbé gbogbo gbágungbàgun ògiri jáde, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á sì máa tàn lára rẹ̀ ní funfun. Èyí tó dán díẹ̀ dára fún ilé ìdáná, torí fífọ̀. Bí ike bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ da gbogbo wọn pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí àpòpọ̀ kan lè fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àárín ògiri lẹ sì máa ti rí i. Bẹ́ ẹ bá háyà ilé ni, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu onílé ná, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ náà síbì kan. Ọjọ́ tí àga bá ha ògiri lẹ máa wá a.