Bí Mo Ṣe Ń Mú Àlejò Kiri Róòmù

Yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni mo ń tún ṣe ní Róòmù, aago mẹ́fà àárọ̀ la sì ń wọṣẹ́. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ni mo ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ Trevi, orísun omi ńlá tí wọ́n gbẹ́ ère sí, kọjá, tí kò ní sí ju èmi, àwọn ẹyẹlé àti ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ lọ. Tí mo bá ń padà lọ́sàn-án, èrò á ti kún ibẹ̀ débi pé orí èèyàn lẹ ó máa wò, ẹ ò ní rí omi. Ibì kan náà ni o, wákàtí ló yàtọ̀. Láti ìgbà yẹn, tí àlejò bá wá kí mi, n kì í kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ rí. Aago mélòó ló máa ń jí ni mo ń bi í.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni ìyá ọkọ mi. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní dé Róòmù kí àwọn má dé ibi tí wọ́n sin Pétérù sí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn ín.

Bàtà lẹ ó kọ́kọ́ wò. Òkúta dúdú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sampietrini ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà àárín ìlú, kò sì mọ ẹni tó wọ bàtà gíga lójú. Èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ yín tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ mú ike omi kan dání, kí ẹ má sì fowó ra omi: nǹkan bíi 2,500 ẹ̀rọ omi kéékèèké ló wà káàkiri ìgboro, nasone ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn "imú ńlá", nítorí bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Omi tútù ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣeé mu. Tí ẹ bá fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi á ta jáde láti ihò kékeré tó wà lókè, ẹ ò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Gbogbo àyà bùbá Màmá ló rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn òyìnbó.

Trevi, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́fà ààbọ̀. Nicola Salvi ló ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 1762. Omi tó ń ṣàn níbẹ̀ dàgbà ju àwọn ère náà lọ fíìfíì, nítorí Agrippa, ọ̀gágun Róòmù kan, ti fa omi yẹn wọ ìlú ní ọdún 19 kí a tó bí Jésù. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí omi, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ju owó gba orí èjìká òsì. Wọ́n ní ẹni tó bá jù ú á tún padà wá. Wọ́n ń kó owó náà fún Caritas, àjọ àánú ìjọ Kátólíìkì, kí wọ́n fi ran aláìní lọ́wọ́. Màmá gbàdúrà lé tiwọn lórí kí wọ́n tó jù ú, ó sì pẹ́.

Àtẹ̀gùn Spéìn kò jìnnà síbẹ̀, ìpele 135. Ẹ wò ó, kí ẹ máa lọ. Láti 2019 ni wọ́n ti fòfin de jíjókòó lórí rẹ̀, owó ìtanràn sì lè tó 250 yúrò. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi gbé ìdí lé ni a gbọ́ fèrè.

Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan, ni mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ìlú yìí, ibẹ̀ nìkan sì ni mo máa ń sọ fún àlejò pé kí ó bá mi tọrọ òjò. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a da dé. Láti etí kan dé èkejì jẹ́ mítà 43.3, láti ilẹ̀ dé òkè náà jẹ́ mítà 43.3. Láàárín òkè pátápátá, wọ́n dá ihò kan sílẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án, kò ní gíláàsì, kò ní ìdérí. Òjò ń gbabẹ̀ wọlé tààrà, ó sì ń bá àwọn ihò kéékèèké inú mábù ilẹ̀ lọ. Nígbà ayé olú ọba Hadrian, ní nǹkan bí ọdún 126, ni wọ́n parí ilé náà, kọnkéré lásán ni òrùlé rẹ̀, kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń jẹ́ kí ó tín-ín-rín, òkúta fífúyẹ́ tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ ni wọ́n sì pò mọ́ ti òkè pátápátá. Orúkọ Agrippa tẹ́ ẹ ó rí níwájú ilé, ti ilé àkọ́kọ́ tó jóná ni. Hadrian kò fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní 609 ó di ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi wó o. Yúrò 5 ni ìwọlé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní 2023. Tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ lè rí ìtànṣán oòrùn tó ń rìn lára ògiri.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ẹ ti wà lórí ìlà kí aago méje àárọ̀ tó lù, nítorí wọ́n á yẹ ara yín wò. Ẹ yẹra fún Ọjọ́rú, ọjọ́ yẹn ni Póòpù máa ń pàdé èrò láàárọ̀. Ìwọlé ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ìró àti bùbá Màmá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń gbé ìlú yìí láti ọdún mọ́kànlá ni wọ́n dá dúró nítorí aṣọ aláìlápá. Gèlè Màmá ni mo fi bo èjìká. Tí ẹ bá wọlé, apá ọ̀tún ni Pietà, ère Màríà tó gbé òkú Jésù lé ẹsẹ̀, wà lẹ́yìn gíláàsì. Michelangelo ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà tó gbẹ́ ẹ. Láti gun òrùlé, ìpele 551 ni. Ẹ̀rọ agbéniròkè á gbé yín débì kan, yóò wá ku 320. Màmá ní kí n máa lọ. Ìdí ère Pétérù onídẹ ni mo padà wá bá wọn, níbi tí ọwọ́ èrò ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí ìka fi parẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì 64, tó ń ti Termini, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, lọ síhà Vatican, ẹ gbé báàgì sáyà. Àwọn jàgùdà mọ bọ́ọ̀sì yẹn dáadáa. Ẹni tó bá sì fẹ́ so òwú mọ́ yín lọ́wọ́ tó ní "ọ̀fẹ́ ni, Mama Africa", ẹ kó ọwọ́ sápò, kí ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Colosseum, pápá ìwòran àtijọ́, ni mo ti ṣe àṣìṣe. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Orúkọ tí a ń pe Màmá nílé ni mo kọ. Bí wọ́n ṣe dá wa padà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, mo tún ra òmíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló wọ Forum, ahoro gbàgede ìlú àtijọ́, àti òkè Palatine, nítorí náà Forum ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kò sí ìbòòji púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá àbáwọlé òkúta Titus, olú ọba Róòmù kan. Nínú rẹ̀, lára ògiri, ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbé ọ̀pá fìtílà oníga méje tí wọ́n kó láti tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70. Màmá dúró síbẹ̀ gbọin. Wọ́n ní, "Èyí tó wà nínú Ẹ́kísódù?" Mo ní irú rẹ̀ ni. Nígbà tí a fi dé Colosseum, tí Titus kan náà ṣí ní ọdún 80, tó ń gba nǹkan bí 50,000 òǹwòran, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wo ibẹ̀ mọ́. Ọ̀pá fìtílà ni wọ́n ń sọ.

Piazza Navona, alẹ́ ni. Tí ẹ bá fẹ́ mu kọfí, ẹ dúró mu ún nídìí káńtà. Ẹni tó bá jókòó síta á san owó àga. Láàárín gbàgede náà ni ère odò mẹ́rin tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ bí èèyàn wà, oníṣẹ́ ọnà Bernini ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1651: Danube, Ganges, Río de la Plata, àti Nile, tó fi aṣọ borí nítorí wọn ò tíì mọ orísun rẹ̀ nígbà náà. Màmá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Odò Ọya ńkọ́?"

Mo ní àyè ni kò gbà á. Wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò níwájú Nile nígbà náà, ó kúkú sún mọ́lé díẹ̀.